Ọsàn Wẹ́wẹ́ Lórí Orúkọ Mi

Jóẹ́lì, ẹ̀gbọ́n bàbá mi, ni ó ṣe mí ní ibi. Ọ̀sán ọjọ́ Sátidé tí ó tẹ̀lé Ìkórè ìjọ wa ni ó ṣe é, ní Adó-Èkìtì, ní ọdún tí ó ṣáájú èyí tí àwọn ológun gbé ìjọba sílẹ̀ fún alágbádá ní ìgbà àkọ́kọ́. Kò ṣe é ní ìkọ̀kọ̀. Ó ṣe é nínú yàrá àlejò Bàbá Àgbà, lójú ìyá mi àti lójú àwọn àgbà ilé, omi ọsàn wẹ́wẹ́ ni ó sì fi ṣe é. N kò dárúkọ rẹ̀ láti bú u. Ó ti kú, mo sì wà níbi ìsìnkú rẹ̀. Ẹ̀yìn ni mo dúró sí pẹ̀lú àwọn ará àdúgbò, nítorí pé kò sí àyè fún mi láàrin àwọn ọmọ ilé. Mo dárúkọ rẹ̀ nítorí pé ẹni tí ó bá ń fẹ́ ìdájọ́ gbọ́dọ̀ sọ ẹni tí ó ń bá rojọ́. N kò parí ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Bíbélì àti ìwé orin ni mo fi kọ́ ara mi ní ìyókù, nítorí náà ẹ fojú fo ibi tí ọ̀rọ̀ mi bá ti wọ́.

Agbo-ilé wa wà ní ẹ̀yìn oríta Fájuyì, níbi tí a ti ń gbọ́ ohùn àwọn tí ń pe èrò sí ọkọ̀ láti àárọ̀. Ṣùgbọ́n ilé wa ní ohùn tirẹ̀ tí ó máa ń ṣáájú ti ọkọ̀. Ikọ́ Bàbá Àgbà ni ó kọ́kọ́ ń jí wa. Àbúrò bàbá bàbá mi ni Bàbá Àgbà, òun sì ni olórí ẹbí lẹ́yìn tí bàbá bàbá mi ti lọ. Yóò húkọ́, yóò dákẹ́, yóò tún húkọ́, a ó sì mọ̀ pé àkókò àdúrà ti tó. Lẹ́yìn àdúrà ni ìgbálẹ̀ yóò bẹ̀rẹ̀ sí ha ilẹ̀, tí ọlọ ìyá mi yóò sì máa fọhùn lábẹ́ ata. Ní ìrọ̀lẹ́, odó ni ó ń sọ fún wa pé iṣẹ́ ti parí. Obìnrin kọ̀ọ̀kan ní bí ó ti ń gún iyán tirẹ̀, ọmọ tí ó bá di ojú rẹ̀ lè sọ ẹni tí iyán rẹ̀ ti fẹ́ dán. Ìyá mi a máa gún tirẹ̀ díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tí kò fẹ́ kí odó rẹ̀ borí ti àwọn ìyálé. Ará Igbemo ni, ohùn rẹ̀ sì yàtọ̀ díẹ̀ sí tiwa. Bí ó bá sọ pé òun ń lọ sí ulé, àwọn ìyàwó ilé a máa rẹ́rìn-ín bí ó ti ń gbé ọ̀rọ̀ náà jáde, bí ẹni pé àwọn náà kì í pe ilé ní ulé. Inú ìjọ Àgùdà ni wọ́n sì ti tọ́ ọ, nígbà tí ilé wa jẹ́ ti ìjọ mìíràn láti ìran dé ìran. Ohun méjì yìí ni wọ́n fi ń rántí pé ó wá láti ibòmíràn, kódà nígbà tí kò sí ẹni tí ó bínú sí i.

Nínú àpótí páànù lábẹ́ ibùsùn Bàbá Àgbà ni Bíbélì ilé wa máa ń wà. Bàbá bàbá mi, tí ó jẹ́ olùkọ́ ìjọ nígbà ayé rẹ̀, ni ó rà á, ó sì sọ àwọn ojú-ewé òfìfo tí ó wà ní iwájú rẹ̀ di ilé orúkọ. Ó kọ orúkọ ara rẹ̀ síbẹ̀, ó kọ ti àwọn àbúrò rẹ̀, lẹ́yìn náà ti àwọn ọmọ rẹ̀, Jóẹ́lì ni àkọ́kọ́. Tàdáwà tí ó fi kọ wọ́n, òun ni ó sè é fúnra rẹ̀, nítorí pé ìgò tàdáwà òyìnbó kò tíì pọ̀ dé ọ̀dọ̀ wa nígbà náà. Tàdáwà yìí ni ó bí àṣà kan tí n kò tíì rí ní ilé mìíràn. Bí ó tilẹ̀ dúdú nínú ìkòkò, bí a bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fi kọ̀wé, ó máa ń pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí omi ewé tí a sè. Afẹ́fẹ́ ni ó ń sọ ọ́ di dúdú díẹ̀díẹ̀. Nítorí náà, ní ọjọ́ ìkómọ, a ó kọ orúkọ ọmọ sínú Bíbélì náà, gbogbo ilé yóò sì jókòó tì í láìpe orúkọ náà sókè. Àwọn obìnrin yóò máa kọrin, àwọn ọmọdé yóò máa tọ́ oyin wò. Nígbà tí ó bá yá, Bàbá Àgbà yóò tẹ̀ síwájú, yóò wo ìwé, yóò sì sọ pé, "Ó ti dúdú." Ìgbà náà ni a tó lè pe ọmọ lórúkọ. Títí di òní, bí àwọn ará ilé wa bá fẹ́ sọ pé ẹnìkan jẹ́ ọmọ bíbí ilé náà, wọn a ní orúkọ rẹ̀ ti dúdú.

Bàbá mi ni ó jogún sísè tàdáwà náà, nítorí pé òun ni ọwọ́ rẹ̀ dára jù nínú ìwé kíkọ. Ọdọọdún, ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, yóò lọ bó èèpo igi ìrà wálé. Èmi ni yóò rán lọ sí ẹ̀yìn àgbẹ̀dẹ àtijọ́ láti ṣa ìdàrọ́, ìdọ̀tí irin tí àwọn alágbẹ̀dẹ ti dà sílẹ̀ kí wọ́n tó bí i. Yóò se èèpo náà títí omi rẹ̀ yóò fi pọ́n bí ẹ̀jẹ̀, yóò kó ìdàrọ́ sínú ìkòkò mìíràn, yóò da omi ògì kíkan lé e, yóò sì fi í sílẹ̀ kí ó máa hó wúyẹ́wúyẹ́. Iṣẹ́ tèmi ni láti máa fi igi rò ó. Nígbà tí ó bá da omi méjèèjì pọ̀, òkùnkùn kan yóò là láàrin rẹ̀, yóò sì tàn dé etí ìkòkò. N kò tíì rí ohun tí ó dùn mọ́ mi lójú bí èyí. Ó máa ń sọ fún mi pé irin ni ó ń kọ̀wé, pé èèpo igi kàn ń bá a rù ú ni. Mo rò pé àwàdà ni.

Ibi tí ọ̀ràn mi ti rú nìyí. Bàbá mi lọ sí ìhà Oǹdó láti máa la pákó nígbà tí oyún mi wà nínú ìyá mi, Igbemo ní ilé àwọn òbí rẹ̀ ni wọ́n sì ti bí mi. Nígbà tí bàbá mi padà dé, ó mú wa wá sí Adó. Mo ti ń rìn nígbà náà, àkókò ìkómọ sì ti kọjá. Ìyá mi sọ fún mi pé, ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà gan-an, bàbá mi gba Bíbélì lọ́wọ́ Bàbá Àgbà, ó jókòó sí ẹnu ọ̀nà níbi tí ìmọ́lẹ̀ kù sí, ó sì kọ orúkọ mi. Àwọn méjèèjì dúró tì í títí ó fi dúdú. Nígbà tí ó dá ìwé padà, ó sọ ohun tí ó ṣe fún Bàbá Àgbà. Bàbá Àgbà gbà á gbọ́, ó súre, kò sì ṣí ìwé wò. Jóẹ́lì kò sí nílé, ó wà lẹ́nu òwò. Nígbà tí bàbá mi ṣì wà ní Oǹdó, Jóẹ́lì fúnra rẹ̀ ni ó ti kọ orúkọ àwọn ọmọ tirẹ̀ sínú ìwé náà, bíírò ni ó sì fi kọ ọ́, nítorí pé kò sí ẹni tí yóò bá a se tàdáwà. Àwọn àgbà kùn díẹ̀ pé àwọn kò rí ohun tí àwọn yóò dúró dè kí ó dúdú, ṣùgbọ́n wọ́n gbà á.

Bàbá mi kú ní ìgbà òjò ọdún tí mo ń sọ yìí. A kò tíì bọ́ aṣọ ọ̀fọ̀ nígbà tí Jóẹ́lì bẹ̀rẹ̀ sí sọ ọ́ káàkiri pé a kò mọ ẹni tí ó ni mí, pé ìyá mi ni ó wá akọ̀wé kan tí ó fara wé ọwọ́ bàbá mi, tí wọ́n sì kọ orúkọ mi sínú ìwé lẹ́yìn ikú rẹ̀. Yàrá bàbá mi àti oko kòkó rẹ̀ wà níbẹ̀, ẹnikẹ́ni tí ó bá gbọ́n mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ń lọ. Bàbá Àgbà rántí pé bàbá mi ti sọ fún òun, ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ kò ṣí ìwé wò, àwọn àgbà kò sì fẹ́ dá ẹjọ́ lórí ẹnu lásán. Jóẹ́lì ní òun mọ bí a ṣe lè mọ òtítọ́. Ó ní tàdáwà tí ó ti pẹ́ ti wọ inú ìwé lọ, ó ti di ara ìwé, ṣùgbọ́n ti àná wà lókè gẹ́gẹ́ bí eruku, omi ọsàn yóò sì gbé e kúrò. Kò sí ẹni tí ó ta kò ó. Gbogbo ilé wa ni ó ń fi ọsàn wẹ́wẹ́ àti iyọ̀ fọ aṣọ ilé-ìwé tí tàdáwà bá ta sí. Àwọn ìyá wa ti kọ́ pé bí a bá tètè fi ọsàn sí i, yóò lọ, ṣùgbọ́n bí a bá jẹ́ kí ó pẹ́, wàhálà ni. Ohun tí gbogbo wọn ti fi ọwọ́ ara wọn ṣe ni Jóẹ́lì mú wá bí ẹ̀rí.

Mo dúró ní ẹ̀gbẹ́ ìyá mi. Jóẹ́lì gé ọsàn náà sí méjì, ó sì ní òun kì yóò ṣe ojúsàájú, orúkọ àwọn ọmọ òun ni òun yóò kọ́kọ́ dán wò. Ó fún omi ọsàn sórí wọn, ó fi òwú nu ún. Orúkọ náà dúró gbọn-in. Àwọn àgbà mi orí. Lẹ́yìn náà ni ó fún un sórí orúkọ mi. N kò lè gbàgbé bí ó ti rí. Dúdú náà kọ́kọ́ di pupa rúsúrúsú, ó di àwọ̀ koríko gbígbẹ, ó sì lọ. Jóẹ́lì fi òwú nu ibẹ̀ jẹ́jẹ́, bí ẹni tí ń nu ẹnu ọmọ, ó sì gbé ìwé náà sókè kí gbogbo wọn lè rí ibi funfun náà. Ó wá kọjú sí ìyá mi, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ìyàwó, ìrẹsì ni ẹ̀yin ará Igbemo mọ̀ ọ́n gbìn. Ẹ fi ìwé sílẹ̀ fún àwa."

Obìnrin kan wà tí ó háyà yàrá ní ilé tí ó kọjú sí tiwa, tí ó ń kọ́ àwọn ọmọbìnrin ní kẹ́místírì ní ilé-ìwé gíga kan ní ìlú. Tíṣà ni gbogbo wa ń pè é. Ìyá mi a máa bá a gún iyán nígbà mìíràn, ó sì sọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ fún un pẹ̀lú omijé. Tíṣà kò bá a sunkún. Ó béèrè ohun tí wọ́n fi se tàdáwà náà, ìyá mi sì pè mí kí n wá sọ ọ́. Nígbà tí mo dé orí ìdàrọ́, ó fi ọwọ́ gbá itan rẹ̀. Ó ní òtítọ́ ni bàbá mi sọ, irin ni ó ń kọ̀wé. Ó ní ọjọ́ orí kọ́ ni omi ọsàn ń wò, irin ni ó ń wá. Ibi tí ó bá ti rí i pẹ̀lú èèpo igi, yóò tú wọn ká, ì báà ṣe ti àná, ì báà ṣe ti ìgbà ìwáṣẹ̀. Bíírò kò sì ní irin nínú, òróró àti aró ni, ọsàn kò rí nǹkan mú níbẹ̀. Nítorí náà ohun tí ó ní irin ni ó lọ, ohun tí kò ní i ni ó dúró, àwọn àgbà sì kà á sódì.

Ní ọjọ́ ìsinmi tí ó tẹ̀lé e, Bàbá Àgbà gbà kí Tíṣà wá sọ tẹnu rẹ̀. Ìyá mi ti se tàdáwà díẹ̀. Tíṣà fi kọ ọ̀rọ̀ kan sórí ìwé lásán, ó fi bíírò kọ òmíràn sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, ó fún ọsàn sórí méjèèjì. Ti ìyá mi lọ, ti bíírò dúró. Bàbá Àgbà, tí kì í ṣe aláìlóye, ní, "Ọmọ mi, tuntun lèyí. Jóẹ́lì kò sọ pé tuntun kì í lọ." Tíṣà ní òótọ́ ni, ìdí nìyí tí òun fi nílò èyí tí gbogbo ilé mọ̀ pé ó ti pẹ́. Ikán ti jẹ gbogbo ìwé tí bàbá bàbá mi fi sílẹ̀, Bíbélì náà nìkan ni ó kù. Ó wá bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n jẹ́ kí òun fi orí abẹ́rẹ́ kán omi ọsàn sí àmì ìdúró tí ó wà lẹ́yìn orúkọ Jóẹ́lì, kì í ṣe orúkọ náà fúnra rẹ̀. Bí àmì náà bá dúró, ìyá mi yóò kó ẹrù rẹ̀. Bí ó bá lọ, kí gbogbo ilé mọ̀ pé ọsàn kò mọ ẹni tí í ṣe ọmọ.

Jóẹ́lì dìde. Ó ní bàbá òun ni ó fi ọwọ́ rẹ̀ kọ orúkọ òun, ajẹ-owó-oṣù kan kò ní wá fi kíkan pa á rẹ́.

Ìyá mi kúnlẹ̀. "Ọkọ mi, àmì kan ṣoṣo ni. Orúkọ ọmọ mi ti lọ pátápátá."

"Ta ni ó ní kí ó lọ? Ṣé èmi ni mo kọ ọ́ ni?"

Tíṣà rọra béèrè pé, "Bí tàdáwà yín bá ti pẹ́, sà, kí ni ẹ ń bẹ̀rù?"

Bàbá Àgbà ní kí wọ́n gbé ìwé náà wá fún òun. Ó tẹ́ ẹ sórí itan rẹ̀, ó sì fi ìka rẹ̀ tọ àwọn orúkọ náà láti òkè wá sí ìsàlẹ̀. Ó pẹ́ lórí èkejì, tí ó jẹ́ tirẹ̀. Nígbà tí ó sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ kéré. "Kì í ṣe Jóẹ́lì nìkan. Tàdáwà yẹn ni ó kọ èmi náà. Bí ọsàn bá gbé gbogbo wa, kí ni a ó sọ pé a jẹ́ nínú ulé yìí?"

Ìyá mi ṣì wà lórí eékún. Ó ní, "Bàbá, ẹ ó jẹ́ ohun tí ọmọ mi jẹ́."

Àwọn àgbà wo ilẹ̀. Bàbá Àgbà kan náà ni ó máa ń sọ fún wa pé ẹjọ́ kì í ṣe tara ẹni kí a má mọ̀ ọ́n dá. Ó húkọ́, ó sì pa ìwé náà dé. Ó ní kí a jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà wà bí ó ti wà. Fún ọ̀pọ̀ ọdún mo rò pé ọ̀rọ̀ Tíṣà kò yé e ni. Nísinsìnyí tí èmi náà ti di àgbà, mo gbà pé ó yé e ju gbogbo wọn lọ, ìdí náà ni ó fi pa á dé.

A lọ sí Igbemo. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi gbà wá tọwọ́tẹsẹ̀, ṣùgbọ́n àgbẹ̀ ìrẹsì ni, ilé rẹ̀ kò sì ní ọmọ tí yóò máa lé ẹyẹ. Ẹni tí ó bá mọ oko ìrẹsì yóò mọ̀ pé àwọn ẹyẹ a máa dé ní òwúrọ̀ bí agogo ilé-ìwé ti ń lù, wọn kì í sì lọ kí àwọn ọmọ ilé-ìwé tó padà. Mo ń gbọ́ agogo náà láti orí pẹpẹ igi tí mo dúró lé, pẹ̀lú kànnàkànnà lọ́wọ́. Wọ́n ní n óò padà sí ilé-ìwé lẹ́yìn ìkórè. Oko mìíràn tẹ̀lé ìkórè náà, ọdún mìíràn sì tẹ̀lé e. N kò dá ẹ̀gbọ́n ìyá mi lẹ́bi, ó bọ́ wa yó. Ìyá mi kò tún bá mi sọ̀rọ̀ Adó mọ́, àfi nígbà tí àìsàn rẹ̀ le. Ó ní kí n má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé òun parọ́ mọ́ òkú.

Ohun tí mo ti rò jù láti ìgbà náà nìyí. Inú ilé tí a ti ń se tàdáwà náà ni Jóẹ́lì dàgbà sí. Òun náà ti ru ìdàrọ́, òun náà ti ro ìkòkò bàbá rẹ̀. Nígbà tí ó fẹ́ fi hàn pé òun kò ṣojúsàájú, ìlà bíírò ni ó yàn nínú gbogbo ìlà tí ó wà ní ojú-ewé náà. Ó lè jẹ́ pé ó mọ̀. Ó sì lè jẹ́ pé orúkọ àwọn ọmọ rẹ̀ ni ó kàn sún mọ́ ọkàn rẹ̀ jù, bí ó ti yẹ kí ó rí fún bàbá. Mo ti gba èkíní gbọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún, mo sì ti gba èkejì gbọ́ ní àwọn òru kan.

Bíbélì náà wà lọ́dọ̀ Ṣọlá, ọmọ Jóẹ́lì, ní ilé rẹ̀ ní ìhà Adébáyọ̀. Ọmọbìnrin mi bá ọ̀mọ̀wé kan pàdé tí ó ń ṣe àyẹ̀wò àwọn ìwé àtijọ́. Ọkùnrin náà ní iná kan wà tí a lè tàn sí ojú ìwé láìfọwọ́ kàn án, pé bí irin bá ṣẹ́ kù níbi tí a ti pa ọ̀rọ̀ rẹ́, ọ̀rọ̀ náà lè hàn lábẹ́ rẹ̀, kódà bí ojú wa kò bá rí nǹkan kan. Kò ṣe ìlérí. Ó ní ọsàn àti òwú lè ti kó gbogbo rẹ̀ lọ. Mo lọ bá Ṣọlá, mo sì sọ fún un pé n kò béèrè yàrá, n kò béèrè oko, àfi kí ó jẹ́ kí a tan iná náà sí ojú ìwé. Ó gbà mí dáadáa, ó fún mi ní omi, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, àwọn tí ó dá ẹjọ́ yẹn ti sùn. Ẹ jẹ́ kí a má jí wọn." Mo ṣàkíyèsí pé ó pè mí ní ẹ̀gbọ́n. N kò mọ̀ bóyá ọjọ́ orí ni ó wò tàbí ẹ̀jẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ka ọ̀rọ̀ yìí, ẹ ní ilé tiyín, ẹ sì ti jókòó níbi tí a ti ń parí ìjà ẹbí. Ohun tí ojú mi rí ni mo sọ; ohun tí ó wà nínú ọkàn Jóẹ́lì, n kò rí i. Mo bẹ̀ yín, ẹ dá a fún wa: bóyá ó tọ́ kí ìwé tí ó jẹ́ ti gbogbo ilé máa wà ní pípadé nítorí àlàáfíà, nígbà tí ó ṣeé ṣe kí ọmọ kan ṣì wà nínú rẹ̀. Bí ẹ bá rí i pé mo jẹ̀bi, ẹ wí fún mi, n óò dákẹ́. Bí ẹ bá rí i pé mo jàre, ẹ má wí fún mi. Ṣọlá ni kí ẹ wí fún.